Ẹ Má Wọ́ Ọ, Ẹ Gbé E

Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì ní orúkọ fún ibi tí iṣẹ́ dé lára ère. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi àáké ṣá igi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ fi yọ, ọnà lílé ni. Bí wọ́n bá padà sí i láti ya ojú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀, alétúnlé ni. Dídán ló tẹ̀ lé e, fínfín ló sì gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbọ́ pé ère ti dé orí fínfín kò ní dì í mú níbi tí ọnà wà. Orúkọ yẹn nìkan ti kìlọ̀ fún un.

Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọkọ̀ òfurufú tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ọgbà ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní Kánò, ní 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Mubarak Abdullahi fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àwọn irin àlòkù ṣe hẹlikọ́pítà. Ní Kàdúná, Iléeṣẹ́ Ológun Òfurufú wa ní ọkọ̀ Air Beetle, tí wọ́n gbé ka àwòṣe RV-6A, ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń rà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà nígbà kan tí wọ́n sì ń tò nílé ara wọn. Irú iṣẹ́ yìí ń gba ọdún gbọọrọ. Kó tó parí, ó lè di dandan kó kúrò nílé lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọjọ́ yẹn léwu fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un lórúkọ tó tọ́. Kì í ṣe àpatì, nítorí olówó rẹ̀ kò pa á tì. Kì í ṣe àṣetì náà, nítorí àṣetì ni ohun tí apá ẹni kò ká. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe iṣẹ́ tí olúwarẹ̀ ṣì ń ṣe lọ́wọ́ ní àpatì. Ẹ pè é ní àṣekù: iṣẹ́ ṣì kù, ẹni tí yóò ṣe é sì wà.

Ká sọ pé láti Ìlá ni ọkọ̀ òfurufú àṣekù kan ń lọ sí Òkè-Ìlá. A ó ké sí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kí wọ́n wá bá wa gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn kò mọ bààlúù, àmọ́ wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá ti ẹnu wa jáde ni ọwọ́ wọn yóò tẹ̀ lé.

Tí a bá ní "ẹ wọ́ ọ," wọn yóò wọ́ ọ: ìdí rẹ̀ yóò máa ha ilẹ̀, páànù tó fẹ́lẹ́ yóò sì ya. Fífà kì í ṣe wíwọ́. Ohun tó ní táyà ni à ń fà, ibi tó ti lágbára la sì ti ń fà á, bí ìdí ẹsẹ̀ tó di táyà mú. Bó bá jẹ́ títì ni, ẹ sọ ibi tí wọn yóò fọwọ́ tì. Pákó ìrù tó ń yí sọ́tùn-ún sósì kò ṣeé tì. Ńṣe ló yẹ ká dè é kí ó má mì rárá. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá sì tíì wọlé, èyí tó ní táyà níwájú lè fi ìrù jókòó lójijì, nítorí ohun tó yẹ kó tẹ imú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé òpó sábẹ́ ìrù kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀.

Gbé ni ti ohun kan, kó ni ti ọ̀pọ̀. Tí a bá ti yọ apá méjèèjì, "ẹ kó wọn" tọ̀nà lójú gírámà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ kó lè tò wọ́n léra bí igi ìdáná. Ẹ ní kí wọ́n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú férémù onígi ni apá ń dúró sí, pẹ̀lú etí iwájú rẹ̀ lórí tìmùtìmù, nítorí etí ẹ̀yìn fẹ́lẹ́, kì í gba ìnira.

Ìyàtọ̀ kó àti dì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò rí. Ní 1907, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ̀ òfurufú Wilbur àti Orville Wright, tí wọ́n ti dì sínú àpótí, lọ sí Le Havre nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí Wilbur ṣí i ní Le Mans ní 1908, egungun apá ti kán, aṣọ rẹ̀ ti ya. Ó kọ lẹ́tà ìbínú sí Orville àbúrò rẹ̀ pé kò mọ ẹrù dì. Àbúrò ti dì í o. Àwọn aṣọ́bodè ló tú u yẹ̀ wò, tí wọ́n wá kó o padà bí ó ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Wilbur fi tún un ṣe kó tó fò ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ.

Ẹ tún ṣọ́ ohùn àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe náà: ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí dì, dè àti tì. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, ohùn náà á di ti àárín: a dì í, a di ẹrù, a tì í, a ti ọkọ̀. Ibi tí òfin yìí ti lè ṣeni léṣe ni sọ̀, ìyẹn ká gbé ẹrù kúrò lórí sílẹ̀, àti sọ, ká ju nǹkan. "Sọ̀ ọ́" àti "sọ ọ́" kò jọra létí, ṣùgbọ́n "sọ ẹrù" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé Òkè-Ìlá tí ọwọ́ mẹ́jọ wà lábẹ́ apá bààlúù, ẹ fi sọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ní, "Ẹ rọra gbé e kalẹ̀, ẹ má tíì jọ̀wọ́ rẹ̀."