Kùrukùru Orí Òkè Patti: Ẹ̀kọ́ Ṣáájú Ìrìn-àjò Wa sí Lókójà

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá ni a fẹnu kò pé Lókójà ni ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí yóò dorí kọ, àti pé orí Òkè Patti ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò ti ka ìtàn ibẹ̀ sétí àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní. Èmi ni ẹ rán lọ wo ọ̀nà. Mo ti lọ, mo sì ti bọ̀. Kí ọkọ̀ wa tó gbéra, mo fẹ́ kí á jọ yanjú irú ìtàn tí a ó kà níbẹ̀, nítorí èyí tó wà nínú ìwé ètò wa báyìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń kùn pé kí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Lókójà ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991. Nupe, Ebira, Ìgalà, Hausa àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí ìlú wọn wà káàkiri àwọn òkè ìtòsí ibẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Okun, pẹ̀lú Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé àti Búnú. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Orúkọ Okun gan-an, inú ìkíni wọn ni ó ti jáde.

Gadumo ni mo dé sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ọkọ wọn jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀. "Okun o" ni wọ́n fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò sì rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde láti wo òkè tí mo rí ní ìrọ̀lẹ́ àná, n kò rí nǹkan kan. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀.

"Màmá, òkè dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó wà níbẹ̀. Aṣọ ló fi bora."

Èmi àti ọlọ́kadà kan ni a jọ gòkè. Ní ìsàlẹ̀, òjò ń sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé nǹkan bí ìdajì òkè, òjò dá, ṣùgbọ́n a kò rí ọ̀nà mọ́ ju ìwọ̀n ilé méjì lọ níwájú wa. Aṣọ mi rin gbindin láìsí òjò kankan tó rọ̀ lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí.

Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun wá ní ìgbà òjò ru omi púpọ̀ tí ojú kò rí. Bí ó bá kọlu òkè, ó di dandan kí ó gùn ún. Bí ó sì ti ń gòkè ni ó ń tutù, ní nǹkan bí dígírì 1 fún 100 mítà kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gba omi tó afẹ́fẹ́ tó móoru, nítorí náà omi tí kò rí àyè mọ́ yóò di ẹ̀kán kéékèèké, bí irú èyí tí í máa hàn lára ìgò omi tútù. Orí Òkè Patti ga tó nǹkan bí 450 mítà, ilẹ̀ etí odò kò sì tó 100. Ìyàtọ̀ náà ti tó. Ohun tí mo wà nínú rẹ̀ lókè tí mo ń pè ní kùrukùru, ẹni tó dúró ní Gadumo ń wò ó, ó ń pè é ní àwọsánmà. Nǹkan kan náà ni. Òkè wa yìí kéré nínú irú iṣẹ́ yìí o: ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 10,000 mìlímítà, nígbà tí ti Lókójà jẹ́ nǹkan bí 1,200.

Ẹ tún fiyè sí èdè. Ìrì a máa sẹ̀, òjò a máa rọ̀, ọyẹ́ a máa fẹ́, kùrukùru a máa bo ilẹ̀. Ẹ má kọ "kùrukùru ń rọ̀" nínú ìdánwò. Patti fúnra rẹ̀, "òkè" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Nupe. Òun náà ló wà nínú orúkọ Pátígi, òkè kékeré. Ẹni tó bá ní "Òkè Patti", "òkè òkè" ni ó ń wí. Kò sì dà bí Olúmọ tàbí àwọn òkè Ìdànrè tí wọ́n jẹ́ àpáta líle. Iyanrìn tó di òkúta ni ti Patti, òkúta pupa tí irin wà nínú rẹ̀ ló dé e lórí, orí náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹrẹ̀ pupa náà ṣì wà lára bàtà mi.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dórí òkè, gbogbo wa sì sá sábẹ́ òrùlé kan: èmi, ọlọ́kadà tó jẹ́ Ebira, ìyá Nupe kan pẹ̀lú ẹrù igi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò rìn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló fi ilé ìsinmi Lugard àti igi oṣè ńlá tó wà níbẹ̀ hàn mí. Ó ní abẹ́ rẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí, tí ó wo odò Ọya àti Bẹ́núè níbi tí wọ́n ti pàdé, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ìtàn yẹn gan-an ló wà nínú ìwé ètò wa.

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ọdún. Ìwé ìròyìn The Times ti ìlú London, ti ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní 1897, ni Flora Shaw ti dábàá orúkọ náà. Olóòtú ọ̀rọ̀ àwọn ìlú amúnisìn ni ó jẹ́ níbẹ̀. Lugard tí wọ́n ní ó wá kí, apá gúúsù Áfíríkà ló wà nígbà náà; 1898 ni ó tó dé láti kó àwọn ọmọ ogun jọ. 1 oṣù Kìn-ín-ní 1900 ni ó kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní Lókójà, ọdún 1902 ni òun àti Flora Shaw sì tó ṣe ìgbéyàwó. Báwo ni ìyàwó ṣe wá bẹ ọkọ wò ní ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbéyàwó, ní ibi tí ọkọ kò tíì dé?

Ìtàn tó kàn wá gan-an kò sí lẹ́nu ẹni tó mú mi rìn. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba odò Ọya wá sí agbègbè yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà nínú wọn. Wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ nítòsí ìpàdé odò náà. Ibà pa àwọn òyìnbó tó lé ní 40, oko náà sì fọ́n ká ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n ní 1843, Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London, ìwé tí a kò lè yọ kúrò nínú ìpìlẹ̀ èdè tí a ń kà ní kíláàsì lónìí. Ní 1854 ó tún padà wá pẹ̀lú Dókítà Baikie. Egbòogi kuiníìnì tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Baikie yìí kan náà ló wá tẹ ibùdó sí Lókójà ní nǹkan bí 1859. Ọmọ Yorùbá kan ti mọ ibẹ̀ ní ọdún 56 kí orúkọ Nàìjíríà tó wọ ìwé ìròyìn.

Ohun kan ń dùn mí níbẹ̀ o. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ìwé Crowther gbé ga jù. Èdè àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lẹ́bàá òkè yìí kò tíì wọ kíláàsì wa. Nítorí náà, mo dábàá pé kí á yọ ìtàn Flora Shaw kúrò nínú ìwé ètò, kí á fi ti Crowther rọ́pò rẹ̀, kí olúkúlùkù sì mú ìwé lọ́wọ́ láti bi àwọn àgbà Ọ̀wọ́rọ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pe kùrukùru, ìrì àti òjò tó ń sẹ̀. Màmá ti gbà láti bá wa kó àwọn àgbà jọ ní Gadumo.

Ní ti ọjọ́ ìrìn-àjò, oṣù Keje ni mo fara mọ́. Kùrukùru yóò wà. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá léwu, nítorí odò. Ní 2012 àti 2022, omi kún wọ inú ìlú. Òjò ọ̀nà jíjìn àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà lára ohun tó fà á. Ti 2022 dí ọ̀nà Àbújá fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ àti aṣọ òjò. Ẹ fi agbòjò sílẹ̀ ní Gadumo, atẹ́gùn orí òkè yóò yí i padà mọ́ yín lọ́wọ́.