Àròkọ Alálàyé: Eré Sinimá Mánigbàgbé

Orí-ọ̀rọ̀: Yan eré sinimá Amẹ́ríkà kan tí ó lókìkí, kí o sì ṣàlàyé ohun tí ó mú kí eré náà àti àwọn olú òṣèré inú rẹ̀ jẹ́ mánigbàgbé.

Bí irú orí-ọ̀rọ̀ yìí bá jáde nínú ìdánwò, inú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa dùn, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ràn sinimá. Inú dídùn yìí gan-an ni ó sì ń kó bá wọn. Bí wọ́n bá ti mú kálàmù, ìtàn ni wọn yóò máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wọ́n pa ọkùnrin kan, ọlọ́pàá dé, wọ́n mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àṣírí tú. Kí wọ́n tó sọ ìtàn tán, ìwé ti kún, àkókò ti lọ, wọn kò sì tíì dáhùn ìbéèrè. A kò ní kí o ròyìn eré. Ohun tí a bi ọ́ ni pé kí ló dé tí o kò fi gbàgbé rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í sọ ìtàn rárá, tí ó jẹ́ pé ìyìn ni wọ́n ń kó jọ bí ẹní ń kó àgbàdo sínú àká: eré náà dára púpọ̀, òṣèré náà mọ eré ṣe, ó wú mi lórí gan-an ni. Olùdánwò tí ó ń ka irú èyí kò rí nǹkan kan dì mú, nítorí pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá gbogbo eré mu. Wá ohun kan tí òṣèré ṣe, tí a lè fi ojú rí tàbí fi etí gbọ́. Sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, lẹ́yìn náà kí o wá sọ ìdí tí ó fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ìgbátí kan ṣoṣo tí o bá ṣàlàyé dáadáa yóò fún ọ ní máàkì ju ogún ìyìn lọ.

Ó tún yẹ kí o rántí pé sinimá yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé. Lórí ìtàgé, òṣèré ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Nínú sinimá, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó ń sún mọ́ òṣèré. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá mì, gbogbo àwọn òǹwòran ni yóò rí i. Nítorí náà, ohun tí òṣèré pa mọ́ra lè lágbára ju ohun tí ó pariwo rẹ̀ lọ. Fi èyí sọ́kàn bí o ti ń ka àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí. Eré tí a yàn ni In the Heat of the Night, tí ó jáde ní ọdún 1967. Bí o bá mọ òmíràn dáadáa jù ú lọ, èyíinì ni kí o kọ. Má ṣe yan eré tí o kò wò nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn ún gbọ́.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ọkùnrin adúláwọ̀ kan jókòó ní ibùdókọ̀ ojú irin ní òru, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ. Ó wọ kóòtù, ó de táì, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan yọ sí i pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí ó dojú kọ ògiri. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa olówó kan ní ìgboro ni, àlejò adúláwọ̀ tí owó wà lápò rẹ̀ sì ti tó láti pè ní apànìyàn. Báyìí ni a ṣe kọ́kọ́ pàdé Virgil Tibbs, tí Sidney Poitier ṣe, nínú eré In the Heat of the Night.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Sparta, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Ní ọdún 1964 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun léèwọ̀ ní ilé oúnjẹ, ní òtẹ́ẹ̀lì àti ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Òfin yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì yí. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú eré yìí kì í sì í ṣe ti inú eré nìkan. Ní ọdún 1964 kan náà, Poitier àti Harry Belafonte gbé owó lọ sí Mississippi fún àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn Ku Klux Klan sì fi ọkọ̀ lé wọn ní òru. Nítorí èyí, Poitier kọ̀ láti padà lọ yàwòrán níbẹ̀. Ìlú mìíràn tí òun náà ń jẹ́ Sparta, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ìhà àríwá, ni Norman Jewison tí ó darí eré náà ti ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi nínú iṣẹ́ Poitier ni ohùn rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá ibẹ̀, Gillespie, kò gbà pé adúláwọ̀ lè ti ibi iṣẹ́ òtítọ́ rí owó tí wọ́n bá lápò rẹ̀. Tibbs kò pariwo. Ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ títí, kí ó tó fi báàjì rẹ̀ hàn án: ọlọ́pàá ni òun náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó gbé omi gbígbóná dání tí kò fẹ́ kí ó dà. Ohùn yẹn kì í ṣe àbínibí. Àwọn erékùṣù Bahamas ni Poitier ti dàgbà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ òṣèré American Negro Theatre ní New York, wọ́n lé e, nítorí pé kò lè kàwé já gaara, èdè ilé sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ra rédíò, ó ń gbọ́ àwọn asọ̀rọ̀, ó sì ń sín wọn jẹ títí ahọ́n rẹ̀ fi tọ́.

Nígbà tí Gillespie wá fi orúkọ Virgil ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó sì bi í pé kí ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ó ní Ọ̀gbẹ́ni Tibbs ni wọ́n ń pe òun. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ga. Nítorí pé ó ti ń pa á mọ́ra láti òru, gbólóhùn kúkurú náà sán bí àrá. Àwọn tí ń pe baálé ilé ní ‘bọ́ì’ nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọmọdé bá ti pe orúkọ rẹ̀ lásán rí lójú àwùjọ yóò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà wúwo tó.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbátí. Tibbs àti Gillespie lọ sí ilé onígíláàsì tí Endicott, olówó àti alágbára ìlú náà, ń gbin òdòdó sí. Endicott kọ́kọ́ ń bá Tibbs sọ̀rọ̀ òdòdó tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí ó yé e pé adúláwọ̀ ni ó ń fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò bí afurasí, ó fọ́ ọ létí. Kíá ni Tibbs fọ́ òun náà létí padà. Ní ayé ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí a rí adúláwọ̀ nínú sinimá Hollywood tí yóò lu aláwọ̀ funfun padà. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tí ó dúró níbẹ̀ ni kí a wò. Ìránṣẹ́ adúláwọ̀ kan gbé àwo ohun mímu dání, ó ń wò ran-n-ran. Endicott bi Gillespie pé kí ni yóò ṣe sí i. Gillespie ní òun kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá olówó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìrora etí ni ó ń pa á lẹ́kún. Ayé tí ó mọ̀ ni ó ń lọ lójú rẹ̀. Ohun tí ó tún dùn mọ́ mi ni pé wọn kò sọ Tibbs di áńgẹ́lì. Ìkórìíra tí ó ní sí Endicott mú kí ó fẹ́ di ẹ̀bi ìpànìyàn náà rù ú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó pa olówó náà. Gillespie sì fi yé e pé òun náà kò yàtọ̀ sí àwọn.

Iṣẹ́ Rod Steiger, tí ó ṣe Gillespie, kò kéré. Jewison ní kí ó máa jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Kò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbà, ó sọ ọ́ di èdè: bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹnu a máa lọ, bí nǹkan bá yà á lẹ́nu, ẹnu a dúró. Ní òru kan nínú ilé rẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún Tibbs pé òun dá wà, òun kò ní aya, òun kò ní ọmọ. Bí ó ti rí i pé Tibbs fẹ́ káàánú òun, ó gbaná jẹ. Ìgbéraga àti ìdánìkanwà pàdé ní ojú kan ṣoṣo. Nígbà tí ó wá di ọjọ́ tí Tibbs ń lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá yìí kan náà ni ó bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Kò tọrọ àforíjì. Báàgì náà sọ ọ́ fún un.

Eré náà gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1968 ni wọ́n ti fẹ́ pín ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá, nítorí pé wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà. Steiger ni ó gba ti olú òṣèré ọkùnrin. Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ Poitier mọ́ àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ọkùnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti gbà á, ní ọdún 1964, fún eré Lilies of the Field. Ní tèmi, òun ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó le jù nínú eré yìí, nítorí pé ẹni tí ń bínú sókè rọrùn láti rí ju ẹni tí ń bínú sínú lọ.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó pa olówó náà kò ní rí i nínú àròkọ yìí, kò sì pàdánù máàkì kankan. Wo bí akọ̀wé ṣe lo ohun kékeré: ohùn, ìgbátí, ṣíńgọ́ọ̀mù, báàgì. Ìpínrọ̀ kejì gùn díẹ̀. Bí àkókò bá ń lé ọ, o lè gé e kúrú, ṣùgbọ́n má ṣe yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ẹni tí kò mọ irú ìlú tí Tibbs wà kò lè mọ ìdí tí ìgbátí rẹ̀ fi jẹ́ ohun ńlá.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Yan eré kan tí o ti wò. Kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lórí ohun tí olú òṣèré fi ọwọ́, ojú tàbí ohùn rẹ̀ ṣe. Má ṣe lo ‘dára’, má sì lo ‘wú mi lórí’.

2. Ṣé o gbà pẹ̀lú akọ̀wé pé iṣẹ́ Poitier le ju ti Steiger lọ? Fi ohun tí ó wà nínú àròkọ náà gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.