Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ẹdẹ Tó Ń Ti Pápákọ̀ Òfurufú Bọ̀ Wálé

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Àbújá, ní Kánò àti lókè òkun, mo mọ bí inú yín ṣe máa ń dùn tó tí ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí owó rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bàálù elérò tó ń já èrò sí Ẹdẹ. Ìkẹjà ní Èkó ni púpọ̀ nínú yín ń balẹ̀ sí, àwọn díẹ̀ ń balẹ̀ sí Ìbàdàn, ìrìn ilẹ̀ tó kù lẹ́yìn ìyẹn ló sì máa ń gba gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́. Owó tí ọmọ fi òógùn wá máa ń dùn mí tó bá ṣòfò lójú títì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìmọ̀ràn yìí.

1. Kí o tó sanwó bàálù, kọ́kọ́ ṣírò owó ilẹ̀. Mú bírò àti ìwé. Kọ owó tí yóò gbé ọ láti ilé dé pápákọ̀, owó bàálù fúnra rẹ̀, owó ẹrù tó bá wúwo ju èyí tí wọ́n gbà lọ, owó láti pápákọ̀ dé gáréèjì, owó láti gáréèjì dé Akódà ní Ẹdẹ, àti ti ọ̀kadà tàbí máruwá tí yóò gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti Ìkẹjà sí Ẹdẹ lé ní 200 kìlómítà, láti Ìbàdàn kò sì tó 100. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn tó wọ́n díẹ̀ ju ti Ìkẹjà lọ lè wá jẹ́ èyí tó máa dín ìnáwó rẹ kù nígbà tí o bá délé. Bàálù tó ń lọ sí Ìbàdàn kò pọ̀, nítorí náà tètè wá a.

Wo aago pẹ̀lú. Tí bàálù olówó pọ́ọ́kú bá máa balẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, níbo lo máa sùn? Owó òtẹ́ẹ̀lì náà wà nínú ìṣirò.

2. Tí o bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, má ṣe kánjú. Bí o bá ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á yí ọ ká. Ọ̀kan á pè ọ́ ní ọ̀gá, èkejì á ti na ọwọ́ sí báàgì rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gbé ẹrù tí o kò bá tíì bá a dúnàádúrà, torí ẹni tó ti gbé ẹrù rẹ ti di ẹni tí o jẹ lówó. Takisí tí ìwọ nìkan á gbà láti ibẹ̀ lọ sí gáréèjì ni ìnáwó tó ń dunni jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò jìn.

Nínú bàálù lo ti yẹ kí o ṣiṣẹ́ lórí èyí. Bá ẹni tó jókòó tì ọ́ sọ̀rọ̀, kí i, bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń lọ sí Òṣogbo, Ìwó, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, gáréèjì kan náà lẹ jọ ń lọ. Bí ẹ bá di mẹ́ta, ẹ jọ gbé ọkọ̀ kan, kí ẹ pín owó rẹ̀. Bí o kò bá rí ẹnì kankan, fa ẹrù rẹ jáde síta sí títì, kí o sì béèrè bọ́ọ̀sì Òṣòdì lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà tàbí òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ mọ ẹni tí ò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní Òṣòdì ní 2019 ni kí o lọ, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò, tí èrò sì ti ń wọlé létòlétò. Bí ọkọ̀ Òṣogbo kò bá sí níbẹ̀, Ọ̀jọ́tà tàbí Bágà ló kàn. Má wọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tó kàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí awakọ̀ ní èrò kan ṣoṣo ló kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ko àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì.

3. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin gan-an. Ẹdẹ wà lójú ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n là dé Òṣogbo ní 1907, ìyẹn sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti ti Èkó wálé nígbà ayé wa. Lóde òní, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021 mọ́ tónítóní, ó sì ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí pápákọ̀. Ó ń rìn 157 kìlómítà. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà ló ń já èrò sí, lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn lápá àríwá. Láti ibẹ̀, wàá tún sanwó mìíràn dé Ìwó Róòdù kí o tó rí ọkọ̀ Ẹdẹ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì lè dá ọ dúró. Ìdájọ́ tèmi ni pé ó dára fún ẹni tó bá ní ìbátan tí yóò yà sí lọ́dọ̀ ní Ìbàdàn. Fún ẹni tó ń bọ̀ tààrà pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ gáréèjì ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

4. Tí o bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, má wọ àárín ìlú. Alákìá ni pápákọ̀ náà wà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́ sì nìyẹn. Ìdajì ọ̀nà ìgboro ti wà lẹ́yìn rẹ. Gbé ọkọ̀ kékeré jáde sí títì, kí o dúró de ọkọ̀ Òṣogbo tó ń lọ sí apá Ẹ̀gbẹ́dá àti Aṣéjìrẹ. Ọkọ̀ tó ti kún ní Ìwó Róòdù kì í dúró fúnni, nítorí náà tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́, padà sí Ìwó Róòdù, kí o wọ èyí tó ń pe èrò.

5. Béèrè kí o tó jókòó sínú ọkọ̀. “Ṣé ẹ máa gba Akódà?” Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyí, ó sì ti gba owó ọ̀pọ̀ èèyàn là. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà á gba Ìkìrè àti Àpòmù dé Gbọ̀ngán, ibẹ̀ ló ti máa yà sí Òdè-Òmu, kó tó dé Akódà àti Òṣogbo. Awakọ̀ mìíràn á gba owó Òṣogbo lọ́wọ́ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹdẹ lo máa bọ́. Fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́ nígbà tí mọ́tò kò tíì kún, torí ẹnu rẹ kì í tólẹ̀ mọ́ tó bá ti ṣáná sí i.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí kò bá sí ọkọ̀ Òṣogbo, wọ ti Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, kí o bọ́ ní Gbọ̀ngán, kí o wá ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì yìí kì í sábà wọ́n ju ọkọ̀ tààrà lọ. Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì Redeemer’s tí ẹ ń ti òkè ọya wá, ẹ rántí pé ẹ̀bá ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Òṣogbo gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ yín wà. Ẹ má bá wọn dé Òṣogbo kí ẹ tó padà.

Kó owó kéékèèké dání. Náírà 1,000 tí kò ní ṣénjì máa ń di ìjà láàárín ìwọ àti kọ̀ndọ́.

6. Má rìn lóru. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú nígbà tí o balẹ̀, sùn sọ́dọ̀ ará ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, kí o sì jí lọ sí gáréèjì ní ìdájí. Lórí èyí, n kò ní bá ọ dúnàádúrà. Owó tí o fi pamọ́ kò tó ẹ̀mí rẹ.

7. Ìṣirò owó ilẹ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí òkè òkun náà: ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì tàn yín. Pápákọ̀ Beauvais tí àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú ń pè ní Paris jìnnà tó 80 kìlómítà sí Paris. Hahn tí wọ́n ń fi orúkọ Frankfurt tà ní Jámánì tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Stansted náà kì í ṣe àárín Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ, àmọ́ tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáájú, owó rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ní Heathrow, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly tó ti wà níbẹ̀ láti 1977 ló yẹ ọmọ tálákà, kì í ṣe Heathrow Express. Gatwick ni bàálù Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí ní 2024. Níbẹ̀, ẹ fi Gatwick Express sílẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lásán tó ń lọ sí London Bridge. Ẹni tó ń lọ sí Peckham lè ti ibẹ̀ wọ òmíràn dé iwájú ilé àwọn ènìyàn wa.

8. Èyí tó kù, ẹ̀yin àgbà tí agbára wà lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ pápákọ̀ MKO Abíọ́lá ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ní 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ náà wá sí Ẹdẹ, inú àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun kò sì dùn sí i. Kí àríyànjiyàn yẹn tó parí, àwọn ọmọ yìí ṣì ń fa ẹrù kiri Alákìá. Mo bẹ ìjọba Ọ̀ṣun àti ẹgbẹ́ awakọ̀: ẹ fi bọ́ọ̀sì kan péré sí pápákọ̀ Ìbàdàn, tí yóò máa dúró de bàálù, tí yóò sì gba Gbọ̀ngán àti Akódà dé Òṣogbo. Àwọn ọmọ wa á sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.