Ọ̀gá Ọlọ́pàá Tí Ó Ní Etí Ìgbọ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ẹ́kísódù 18:13-26, Lúùkù 18:1-8

Nígbà tí Jẹ́tírò rí i bí ẹjọ́ àwọn ènìyàn ṣe wọ Mósè lọ́rùn, ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yan àwọn ọkùnrin tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n sì kórìíra àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá béèrè irú ọ̀gá ọlọ́pàá tí a fẹ́ ní Barking àti Dagenham, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ sọ. Ní ilé, wọ́n a máa sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ wa ni ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ọ̀rẹ́ yìí lókèèrè a máa yà sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, bí a bá rí ọlọ́pàá tí kò béèrè owó, a rò pé ó parí náà nìyẹn. Kò parí.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2014 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, a bá òkú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin nítòsí ara wọn ní Barking: Anthony Walgate, Gabriel Kovari, Daniel Whitworth àti Jack Taylor. Ìta ilé tí Stephen Port ń gbé ni a ti rí ẹni àkọ́kọ́. Ọgbà ìsìnkú Ìjọ St Margaret ni a ti rí ẹni kejì àti ẹni kẹta, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra. Obìnrin kan náà tí ó ń mú ajá rẹ̀ rìn ni ó rí àwọn méjèèjì. Port ni ó fún wọn ní oògùn olóró tí ó pa wọ́n.

Kò sí ẹni tí ó fún ọlọ́pàá ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn gbà pé oògùn ni àwọn ọmọ náà fọwọ́ ara wọn lò ni. Ìwé kan wà lára òkú Whitworth pé òun ni ó pa Kovari. Port ni ó kọ ọ́, ọlọ́pàá sì gbà á gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2015 ilé ẹjọ́ rán Port lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ nítorí irọ́ tí ó pa nípa òkú Walgate. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó jáde, Taylor sì kú.

Port máa ń wá àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa náà yẹ ara wa wò níhìn-ín: ṣé àánú wọn kò dín kù lọ́kàn wa nígbà tí a gbọ́ ìyẹn? Ọmọ ènìyàn ni ẹni kọ̀ọ̀kan wọn, ìyá ni ó bí wọn.

Àwọn arábìnrin Taylor ni wọ́n ṣe bí opó inú Lúùkù 18. Wọ́n ka ìròyìn ikú àwọn yòókù fúnra wọn, wọ́n béèrè bóyá ó tan mọ́ ti arákùnrin wọn, wọn kò sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán tí kámẹ́rà òpópónà yà jáde, ọlọ́pàá kan dá Port mọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ní Gbọ̀ngàn Ìlú Barking, àwọn júrì sọ pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe ọlọ́pàá wà lára ohun tí ó fa ikú àwọn mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn.

Ọ̀gá tí a ń fẹ́ ni èyí tí yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ni ó wá bá yín, kí ni ó sì sọ?” Bí ìyá kan bá sọ pé ikú ọmọ òun kò yé òun, kí ó rán ènìyàn padà lọ bá a. Ẹ rántí pé ọ̀gá kan ṣoṣo ni a fi ṣe olórí Barking and Dagenham, Havering àti Redbridge pọ̀. Ẹni tí kò bá lọ sọ tẹnu rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá mójú tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé níbẹ̀ lè wọ̀ ọ́.

Fún ìjíròrò: Kí ni Jẹ́tírò kò sọ, tí opó náà fi kọ́ wa? Ta ni nínú wa ti lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù rẹ̀ rí?