Ẹnu Ń Ṣáájú, Ohùn Ń Bọ̀ Lẹ́yìn: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígba Fídíò Sínú Kọ̀ǹpútà àti Rírẹ́ńdà Rẹ̀

 

Gbogbo ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí a ṣe ìdágbére fún ìyá wa tó ń kọ́ wa ní èdè Yorùbá ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Press Club fẹ́ fi eré tí Mà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ṣe ní ọdún 1998 hàn. Eré ìṣẹ́jú 45 ni, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ayé ijọ́un ló wà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa dé ìlàjì, ọba ti ń la ẹnu, a ò tíì gbọ́ ohùn. Ìgbà tí ọba ti dákẹ́ tí ìjòyè wá ń sọ̀rọ̀ ni ohùn ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó wá dà bíi pé ìjòyè ló ń pàṣẹ fún ara rẹ̀. Àwọn JSS 1 kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé olùkọ́ ilé ìwé wa kan, tó ti di olóògbé báyìí, ló ṣe ọba yẹn. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì wa. Ó ti sọ fún mi ṣáájú pé òun ò rántí ohùn dádì òun mọ́, pé ìdí nìyẹn tí òun fi ń ka ọjọ́ de fídíò náà. Ìlà kejì ló jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló fún mi láàyè láti kọ ọ́ síbí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo di ẹ̀bi ru ọmọ JSS 2 kan nínú ẹgbẹ́ wa, torí òun ló jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tí a ń gba fídíò náà. Mo ní ó fọwọ́ kan nǹkan. Ó ní, "Sínió, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o." Mi ò gbà. Mo ti wá jókòó kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo sì ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká jọ kẹ́kọ̀ọ́ náà ná, kí n tó sọ ẹni náà.

1. KÍ NI FÍDÍÒ GAN-AN?

Fídíò kì í rìn, ojú wa ló ń tàn wá. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí wọ́n ń ṣí níkọ̀ọ̀kan ní kíákíá. Férémù ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán náà. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, ètò tẹlifíṣọ̀n tí à ń lò ní Nàìjíríà ni PAL: férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti Amẹ́ríkà ni NTSC: férémù 29.97, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 30.

Ibí yìí ni wàhálà àkọ́kọ́ ti bá wa. A so gbogbo wáyà tán, fídíò jáde ní dúdú àti funfun, ó sì ń yí gbirigbiri. A rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, àyà wa já. Kásẹ́ẹ̀tì ò bàjẹ́ o! NTSC ni sọ́fítíwíà wà, PAL ni kásẹ́ẹ̀tì. A yí i sí PAL, àwọ̀ dé, àwòrán dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí a máa lò títí dé òpin ẹ̀kọ́ yìí. Ìṣẹ́jú 45 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2,700. Ẹ fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀: férémù 67,500. Ẹ má gbàgbé iye yẹn.

2. BÍ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ ṢE Ń WỌ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ̀rọ fídíò ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀: aláwọ̀ ìyeyè fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Wọ́n wọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ wọ́n di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà, ẹ̀rọ kékeré yẹn sì wọ ojú USB. Sọ́fítíwíà á wá máa kó o pamọ́ bó ṣe ń dé.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dà bí omi ẹ̀rọ tí ẹ gbé garawa sí nídìí. Tí ẹ bá gbé garawa kúrò torí pé ẹnì kan pè yín, omi ò ní dúró, èyí tó bá dà sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bákan náà, tí férémù kan bá dé, tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́, férémù yẹn ti sọnù. Àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń fi férémù tó ṣáájú dí àyè rẹ̀. Tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kà á: ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó kọ "Dropped frames" síbẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a gbà á tán, 270 ló wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo ní, kí ni 270 nínú 67,500? Kò tiẹ̀ tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá wo ibi tí mo ti ṣìnà. Ẹ fi 25 pín 270: ìṣẹ́jú àáyá 10.8. Ohùn ò sọnù rárá, àwòrán nìkan ló sọnù. Àwòrán wá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá kúrú ju ohùn lọ. Kò sọnù lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bíi férémù kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ fi dára. Nígbà tó dé ìlàjì, ohùn ti fi bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún pẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó máa fi parí, ó ti di mọ́kànlá.

Ta ló wá gbé garawa kúrò nídìí omi? Èmi ni. Mo wọlé bá ọmọ JSS 2 yẹn nídìí kọ̀ǹpútà, mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo ń kó fíìmù sínú rẹ̀, mo sì tún ṣí géèmù bọ́ọ̀lù. Ó sọ fún mi o: "Sínió, ẹ jọ̀ọ́, ó ń gba fídíò lọ́wọ́." Mo ní kó panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ní òun ló bà á jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń fi fóònù ya fídíò, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Tí iná ibi tí ẹ wà ò bá mọ́lẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń dín férémù kù fúnra wọn: níbí 30, lọ́hùn-ún 24. Tí sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń ẹ́dítì bá wá rò pé iye kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnu àti ohùn á tún pínyà. Kí ẹ tó ẹ́dítì, ẹ kọ́kọ́ yí fídíò náà sí iye férémù kan tí kì í yẹ̀.

3. RẸ́ŃDÀ

Nígbà tí a bá ń ẹ́dítì, a ò tíì fọwọ́ kan fídíò gan-an. Ohun tí sọ́fítíwíà ń fi pamọ́ ni àkọsílẹ̀: gé ibí, fi orúkọ sí ibẹ̀, dín ohùn kù lọ́hùn-ún. Ìwé tí wọ́n kọ èlò ọbẹ̀ sí kì í ṣe ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa gbé fáìlì àkọsílẹ̀ yìí nìkan lọ sílé nínú fláàṣì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àyè òfìfo lọ. Fídíò gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀.

Rẹ́ńdà ni sísè. Kọ̀ǹpútà á ṣí férémù 67,500 níkọ̀ọ̀kan, á ṣe gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ sí i, á fún un pọ̀ kó má gba àyè jù, á sì kó o sínú fáìlì tuntun. Kọ̀ǹpútà wa ò lágbára: férémù 10 ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 10 pín 67,500: ìṣẹ́jú àáyá 6,750, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52 àti ààbọ̀. Bátìrì rẹ̀ ò lè ju ìṣẹ́jú 40 lọ tí iná bá lọ. Ká ní mo ti ṣe ìṣirò yìí ṣáájú ni, mi ò bá ti mọ̀ pé àdúrà nìkan ni mo gbé iṣẹ́ yẹn lé.

Iná lọ. Bátìrì gbìyànjú títí dé 92%, ó kú. Nígbà tí dádì mi tan jẹnẹrétọ̀, mo rí fáìlì MP4 náà níbẹ̀, ó tóbi, ṣùgbọ́n kò ṣí. Ìdí ni pé MP4 máa ń ní atọ́ka kan tó ń sọ ibi tí férémù kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Tí iná bá lọ kí wọ́n tó kọ ọ́, àwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tó máa ti mú wọn. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti 0%.

Ọgbọ́n tí a ti kọ́ nìyí: ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́jú 45 jẹ́ ọ̀nà mẹ́sàn-án tó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ férémù 7,500, ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ ni kọ̀ǹpútà wa fi ń rẹ́ńdà rẹ̀. Tí iná bá lọ, bátìrì á parí èyí tó wà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ so mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀.

4. FLÁÀṢÌ TÓ KỌ̀

Ilẹ̀ mọ́, a fẹ́ kó fídíò sínú fláàṣì 32 GB tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Fídíò náà jẹ́ 5.4 GB. Fláàṣì kọ̀, ó ní fáìlì náà tóbi jù. A bínú títí, a tún fẹ́ dá ẹni tó ta fláàṣì fún wa lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fláàṣì ni wọ́n ṣètò pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní FAT32, tí kì í gba ẹyọ fáìlì kan tó bá tó 4 GB, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó. Ó dà bí ilé ńlá tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré: bẹ́ẹ̀dì ò wọlé.

Ẹ lè mọ bí fáìlì á ṣe tóbi tó kí ẹ tó rẹ́ńdà. Ẹ wo iye mẹ́gábíìtì tí ẹ yàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 8 pín in. Èmi yan 16: 16 × 2,700 ÷ 8 = 5,400 MB. Kásẹ́ẹ̀tì ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ká ní mo yan 8 ni, 2,700 MB ni ì bá jẹ́, fláàṣì á sì gbà á wẹ́rẹ́.

Bí a ṣe gbé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn nìyẹn, a ò wo fídíò náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

5. OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ MÁA ṢE

(a) Tí ẹ bá ń gba fídíò, ẹ pa gbogbo nǹkan mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.
(b) Ẹ máa wo iye "Dropped frames". Tó bá ń gòkè, ẹ dá a dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má kàn máa tún kásẹ́ẹ̀tì gbé ṣáá, torí bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ló ń gbó tó.
(d) Ẹ tọ́jú fídíò tí ẹ kọ́kọ́ gbà sí ibi méjì.
(e) Ẹ ṣírò wákàtí àti ìwọ̀n fáìlì kí ẹ tó tẹ rẹ́ńdà.
(ẹ) Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín, àti ní òpin, kí ẹ tó gbé e síwájú èèyàn.

Ní Sátidé tó kọjá, a tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbà. Ọmọ JSS 2 yẹn ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti sún mọ́ ọn, títí kan èmi. Nígbà tó parí, òǹkà wà ní 0. A rẹ́ńdà rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́sàn-án. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a ò pàdánù nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè, a pe ọmọ olóògbé wá sí yàrá kọ̀ǹpútà, a fún un ní earpiece. Ọba la ẹnu, ohùn ọba jáde. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la dá a padà.

Àbúrò mi ní JSS 2, mo ti bẹ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níwájú èèyàn ni mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Torí náà, níwájú gbogbo ilé ìwé ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Má bínú.

A máa tún eré náà fi hàn ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Fráídè, lẹ́yìn tí a bá jáde ní kíláàsì. Ìyá wa ti ní àwọn ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN Ẹ̀YIN ÒǸKÀWÉ

1. Fídíò PAL kan jẹ́ ìṣẹ́jú 20. Férémù mélòó ló wà nínú rẹ̀?
2. Tí kọ̀ǹpútà bá ń rẹ́ńdà férémù 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà wo ló máa parí?
3. Tí a bá yan mẹ́gábíìtì 10 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣé fláàṣì FAT32 á gba fáìlì náà?

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkàwé. Ẹ kọ ìṣirò yín síbẹ̀ o, ká lè rí bí ẹ ṣe dé ìdí rẹ̀.