ÌṢIRÒ NÍ Í FI INÚ ỌPỌLỌ HÀN

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wo inú ọpọlọ láì la orí ènìyàn.

1. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀
Láti ọdún 1895 tí Röntgen ti ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní Jámánì ni a ti ń ya àwòrán egungun. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú agbárí kò hàn dáadáa. Ẹni tó yanjú ìṣòro yìí ni Godfrey Hounsfield, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ta ìtànṣán la orí kọjá láti igun 180. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn èyí tó yọ sí òdìkejì nígbà 160. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28,800. Kọ̀ǹpútà ló wá ṣírò gbogbo rẹ̀ di àwòrán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, wọ́n fi yẹ orí obìnrin kan wò ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì rí ibi tí kókó àìsàn wà nínú ọpọlọ rẹ̀.

2. Ibi tí ó gba ìṣọ́ra
Ẹ̀rọ mìíràn ń lo òòfà ńlá dípò ìtànṣán. Ó lè tọ́ka ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn ti pọ̀ sí i nígbà tí ènìyàn ń ronú. Kọ̀ǹpútà a pín ọpọlọ sí ibi kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 bá ju kọ́bọ̀ sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ti ẹnì kan tàbí méjì bá fi ojú kan náà balẹ̀ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ṣé oògùn ni? Rárá o. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ló fà á.

Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja sámọ́nì sínú irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì fi àwòrán àwọn ènìyàn hàn án. Ìṣirò tí kò ro ti pípọ̀ àwọn ibi kéékèèké náà mọ́ ọn fi hàn bí ẹni pé ọpọlọ òkú ẹja ń ṣiṣẹ́! Nígbà tí wọ́n tún un ṣe bó ti yẹ, gbogbo rẹ̀ pòórá.

3. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́
Ẹ̀yin òbí, bí dókítà bá ní kí wọ́n ya àwòrán orí ọmọ yín, ẹ má sá fún un. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá na àwòrán aláwọ̀ mèremère sí yín pé ọmọ yín kò lè mọ̀wé, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ìṣirò yín.

Ìbéèrè
(a) Báwo ni 28,800 ṣe jẹ́?
(b) Kí ló mú kí òkú ẹja dà bí ẹni tó ń ronú?