Ara Wa, Ohun Àfipamọ́ Ọlọ́hun: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àìsàn Ọkàn

KHUTUBA ÀKỌ́KỌ́

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fún wa ní ara, tí yóò sì bi wá léèrè nípa rẹ̀. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọlà fún Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Lẹ́yìn èyí, bí a bá lọ kí ará ilé olókùú, lọ́pọ̀ ìgbà ni a ń gbọ́ pé: «Kò ṣàìsàn o, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni.» Kò ní pẹ́ tí ìfura yóò bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ṣe é? Ẹ̀yin ará, ọwọ́ Ọlọ́hun ni ọjọ́ ikú wà. Ṣùgbọ́n Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ 12, kọ àbá dídá fún wa. Kò tọ́ kí a fi ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe kan ìyàwó ilé tàbí aládùúgbò lọ́rùn.

Nǹkan bí 100,000 ìgbà ni ọkàn ń lù lóòjọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára àpọ̀jù ti iṣan, iṣan á le, ọ̀rá á sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn bá dí, apá kan ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ti ọpọlọ bá dí tàbí tí ó bẹ́, rọpárọsẹ̀ dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì: orí lè má fọ́, ojú lè má ṣú. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti ga.

Àwa tí a ń wàásù yìí náà jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ wa ga, oṣù méjì péré ni a lo oògùn. Nígbà tí a rí i pé kò sí ohun tí ń dùn wá, a pa á tì, a ní àdúà ti tó. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ànábì ní kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí a tó gbára lé Ọlọ́hun. Ó sì pàṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Àdúà kò lé oògùn jáde nílé.

KHUTUBA ÌKEJÌ

Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 31, kọ àṣejù fún wa nínú jíjẹ àti mímu. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú mágì àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ dín ọ̀rá àti ẹran kù, pàápàá níbi wòlímọ̀. Ẹ jìnnà sí sìgá. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń rìn wá sí mọ́sálásí wà lára rẹ̀.

Kí àwẹ̀ Ràmàdáánì tó dé, ẹni tí ń lo oògùn gbọ́dọ̀ rí dókítà, kí wọ́n lè bá a ṣètò rẹ̀ sí sààrì àti ìṣínu. Bí dókítà bá ní àwẹ̀ yóò pa á lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Bí àyà ẹnìkan bá ń fún un pinpin, tí òógùn tútù ń bò ó, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan rọ, ẹ má kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ Áfáà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pè wá kí a máa ṣàdúà bí ẹ ti ń lọ.

Kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù àgbàlagbà inú wa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba, fún wa ní àlàáfíà ara àti ti ẹ̀mí. Wo àwọn aláìsàn wa sàn, kẹ́ àwọn òkú wa, má sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ohun tí O fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ jẹ́. Àmín.